Abọ́ Ìwọ̀n inú Ìwé Sàbítù

Sàbítù hùwà tí kò tọ́. Ó kọ àṣírí obìnrin ọlọ́jà kan sínú ìwé, kò sì bi í léèrè.

Látìgbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti fi ogun gba ìlú Bouaké ni ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ti wà ní títì. Ó bá jókòó, ó kọ ìtàn Aníkẹ́, olùta ìrẹsì tó fi ọmọ odó lu ìdí abọ́ ìwọ̀n rẹ̀ wọnú. Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, ó kà á fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní àdúgbò Dar-es-Salam nínú ìlú náà, ó ní kí wọ́n sọ ibi tó kù sí.

"Tíṣà, irọ́ ni," Sàdíátù, ọ̀kan nínú wọn, wí. "Ṣé àwọn oníbàárà fọ́jú ni?"

Sàbítù tún un kọ. Ní Jímọ́ọ̀ kejì, bí Aníkẹ́ bá ti ń wọn ìrẹsì ni yóò máa wo oníbàárà lójú: "Ara ọmọ ńkọ́?" Kí onítọ̀hún tó dáhùn tán, ìrẹsì ti wọ àpò.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Áà! Àwọn ọmọ ọlọ̀tẹ̀ tó dínà ní bàráàjì ọ̀nà Diabo sàn," Sàdíátù wí. "Ojúkojú ni wọ́n ń gba owó tiwọn. Níbo lo ti rí eléyìí?"

"Ẹnu ọjà ni mo dàgbà sí."

Ìwé náà tàn kálẹ̀. Láídé, tó ń ta ìrẹsì ní àdúgbò Commerce, kò lè gbà á mọ́ra. Ó lọ bá Àlàájì Àmúdà, olórí ẹgbẹ́ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Àlàájì sì pe ìpàdé.

"Àlàájì, èmi lọmọ yìí kọ! Ẹ wo abọ́ mi, ṣé ó wọnú?"

Ìdí abọ́ náà tẹ́jú. Bébà ilé ìtajà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Sàbítù, bẹ̀ ẹ́," Àlàájì wí. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó dáná sun ìwé yẹn."

"Ẹ sun ún!" Àṣíáwù, ìyá Sàbítù, tí ìsọ̀ ìrẹsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Láídé, pariwo. "Ọmọ tó ń tú àṣírí ọlọ́jà!" Ó fọwọ́ kan Láídé léjìká. "Má sunkún mọ́. Ara ọmọ ńkọ́?"

Sàbítù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Láídé, mi ò wo ìdí abọ́ yín rí láyé mi." Ó yíjú sí Àṣíáwù: "Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ forí jì mí, ó yẹ kí n ti bi yín kí n tó kọ ọ́."