Ehoro Nínú Oko Lẹ́tùúsì

Àlọ́ mi já sọ́dọ̀ Ehoro àti Ìgbín ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ehoro ló ń dá orin, Ìgbín ló ń gbè é.

Ìgbín ń relé àna, ó ní kí Ehoro bá òun ṣọ́ oko lẹ́tùúsì: “Èyí tó ká bí orí, dúró dè mí ká jọ jẹ ẹ́. Èyí tí ewé rẹ̀ tú, ewé ìta ni kó o máa já jẹ. Àárín ló ti ń rúwé.”

Àárín ló rọ̀ jù. Ehoro jẹ méjèèjì run, ó ń kọrin:

Mo kàn tọ́ ọ wò ni,
Yóò rúwé.
Mo jẹ ẹ́ dé gbòǹgbò,
Yóò rúwé.

Kò rúwé. Ìgbín dé, kò jà. Ó wọnú ìkarahun rẹ̀, ó ti ẹnu rẹ̀ pa.

Ẹ̀fọ́ yánrin kíkorò ni Ehoro ń jẹ báyìí. Tó bá jẹ ẹ́ tán, á dá orin lẹ́nu ìkarahun náà, á tẹ́tí. Kò sẹ́ni tó ń gbè é.