Lẹ́tà Tí Fọlágbadé Kò Fèsì Sí

Ẹ̀yin ọmọ mi, òǹkọ̀wé kan gbé ní ìlú Ìlá rí, Fọlágbadé lorúkọ rẹ̀. Ọlọ́run fún un lẹ́bùn ìwé kíkọ, ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára rẹ̀: ohun tó bá wà nítòsí kì í jọ ọ́ lójú. Ìtàn àròsọ mẹ́rin ló ti kọ, àwọn tó ń wá Ọlọ́run, tí wọ́n sì ń wá ara wọn, ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ a kà á, ara a sì tù ú.

Nígbà tó fẹ́ kọ ìkarùn-ún, ó sọ fún Morádèún ìyàwó rẹ̀ pé ariwo ilé kò jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn ọkàn òun. Ó di ẹrù, ó gba orí òkè àdúrà kan lọ ní ọ̀nà jíjìn. Oṣù mẹ́ta ló dá fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ọdún méjì kọjá, kò wálé.

Lẹ́tà ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀. Morádèún kọ ọ́ pé, “Bàbá Ìbídàpọ̀, kókó kan yọ sí mi lọ́yàn. Mi ò fẹ́ dá nìkan gbọ́ ohun tí dókítà máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì mí.”

Omijé bọ́ lójú Fọlágbadé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bó ti yẹ lọ. Ó mú báírò, ó fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà sẹ́nu obìnrin kan nínú ìtàn rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó dà bí ẹni pé ó ti fèsì. Kò fèsì. Nígbà tí Morádèún kú, wọ́n ránṣẹ́ sí i, àmọ́ ó ti kúrò lórí òkè náà lọ sí òmíràn.

Ìwé jáde, òkìkí rẹ̀ kàn. Ìgbà yẹn ni Fọlágbadé tó padà wálé. Ìbídàpọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, sà.”

“Ìyá rẹ dà?”

“Wọ́n ti kú, sà. Ó ti lé lọ́dún kan.”

Fọlágbadé di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní òun kò mọ̀ pé àìsàn náà le tó bẹ́ẹ̀.

“Mo ti ka ìwé yín,” ni ọmọ náà wí. “Lẹ́tà màmá mi wà ní orí keje. Títí tí wọ́n fi kú, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú yín. Wọ́n ní lẹ́tà ọ̀hún ò tíì dé ọwọ́ yín ni.”

Fọlágbadé sunkún, ó bẹ̀bẹ̀. Ìbídàpọ̀ kò bú u. Ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n “sà” ló ń pè é, kò pè é ní bàbá, títí tó fi lọ sí ilé ọkọ. Àbúrò Morádèún ló dúró bíi bàbá níbi ìgbéyàwó náà. Fọlágbadé kò kọ ìwé mọ́. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bi í bí wọn ó ṣe rí ìbàlẹ̀ ọkàn. Ó máa ń sọ fún wọn pé òun kò mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ń wá ara rẹ̀, kó kọ́kọ́ wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ẹ má fi ẹni tó ń ké pè yín nílé sílẹ̀, kí ẹ ní Ọlọ́run lẹ̀ ń wá lọ sórí òkè. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá tú ilé ká, ìhòòhò ni yóò dé òde.