Ìṣó Mínísítà Òkun

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ọ̀gá," ni ayàwòrán wí ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkun ní Lisbon, olú ìlú Pọ́túgà.

Mínísítà tuntun gbé e sókè. "Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì tó para pọ̀ ṣe ìjọba pín ipò títí, òkun nìkan ló kù fún mi. Èmi tí mo máa ń bì nínú ọkọ̀ ojú omi! Ẹ yà mí dáadáa o, ọ́fíìsì mi ni màá gbé e kọ́."

Fóònù dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Mínísítà mi, ilé aṣòfin ti fi ìbò lé gbogbo yín kúrò. Ìjọba ti ṣubú. Máa bọ̀ wá jẹ sàdínì."

Mínísítà dìde. "Ẹ palẹ̀ mọ́. Àwòrán ò wúlò mọ́."

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Àwòrán ẹni tó ti kúrò nípò nìkan la máa ń gbé kọ́ níbí. Ọjọ́ tí ẹ búra ni mo ti kan ìṣó àwòrán yín mọ́ ògiri."