Hidayat àti Ohun Tí Kò Yé E

Ohun tó ba ti Hidayat jẹ́ ni pé kò lè la ẹnu rẹ̀ sọ pé, "Èyí kò yé mi." Kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ ò sì kú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú lójú rẹ̀ tó kí ẹnìkan rí i pé òun ò mọ nǹkan.

Ìkòsì ni òun àti ìyá rẹ̀, Alhaja Karimot, ń gbé. Tòmátò ni ìyá náà ń tà ní Mile 12, ó sì ti sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń tajà pé nọ́ọ̀sì ni ọmọ òun máa ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì JAMB jáde, máàkì Hidayat kéré débi pé kò sí yunifásítì tó lè gbà á. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Àmọ́ tí wọ́n bá béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà, á kàn máa ṣa tòmátò tó ti rọ̀ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Hidayat rí i, ojú tì í, ó sì pinnu láti tún ìdánwò náà ṣe.

Ó wọ kíláàsì Uncle Enoch ní Kétu. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Tí Uncle bá béèrè bóyá ohun tí wọ́n kọ́ yé wọn, òun ló máa kọ́kọ́ mi orí pé ó yé òun. Ọmọbìnrin kan tó ń wá láti Ajégúnlẹ̀, Testimony, kì í tijú béèrè. Lọ́jọ́ kan tó tún nawọ́ sókè, Hidayat bi í bóyá kò dé sẹ́kọ́ńdìrì rárá. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, Testimony sì rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyàwó Uncle Enoch wọ ọsibítù, Uncle sì ní láti lọ dúró tì í. Nítorí orí tí Hidayat máa ń mì, òun ni Uncle ní kó kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń fi ìdá, ìyẹn fraction, pín ìdá. Kò yé Hidayat rí, ṣùgbọ́n ó ní kò sí wàhálà. Ìdá kejì ló yẹ ká dojú rẹ̀ dé kí á tó sọ ọ́ di púpọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni Hidayat dojú rẹ̀ dé.

Testimony rọra sọ̀rọ̀. "Aunty Hidayat, ṣé kì í ṣe èkejì la máa ń yí ni?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ wa ni?"

Ọmọ náà pa èyí tó ti kọ rẹ́. Gbogbo wọn kọ ti Hidayat.

Nígbà tí Uncle padà dé tó dán wọn wò, àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ṣe. Ó béèrè ẹni tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Hidayat ní Testimony ló ṣì wọ́n lọ́nà lẹ́yìn tí òun kọ́ wọn tán. Testimony bú sẹ́kún. Junaid, tó jókòó tì í, dìde, ó sì sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Uncle pe Hidayat síwájú pé kó ṣe ẹyọ kan sójú bọ́ọ̀dù. Ó tún dojú ìdá àkọ́kọ́ dé.

"Hidayat," Uncle wí jẹ́jẹ́, "tó o bá sọ fún mi pé kò yé ẹ, ṣé mi ò ní kọ́ ẹ ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló sì dun Hidayat jù.

Kò padà síbẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ ló ń kó ìwé jáde nílé, tó ń lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì pa, títí kíláàsì fi máa parí. Uncle tún àwọn yòókù kọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe JAMB tí èsì jáde, Testimony ṣe dáadáa. Ti Hidayat burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyá rẹ̀ bi í bóyá Uncle yẹn ò kọ́ wọn dáadáa ni.

"Uncle kọ́ wọn, Mummy. Èmi ni mi ò sí níbẹ̀."

Alhaja Karimot gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. "Àwọn tí mo sọ fún lọ́jà ńkọ́? Kí ni kí n wí fún wọn?"

Hidayat dorí kodò. Kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa wí fún wọn, kò sì lè díbọ́n mọ́ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti tún ìdánwò ṣe, ẹ gbọ́. Kò sí ẹ̀gàn nínú kí èèyàn gba máàkì kékeré, ìdí sì nìyẹn tí kíláàsì fi wà. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè rẹ̀, kódà bó jẹ́ lójú àwọn àbúrò yín. Ẹni tó ń díbọ́n pé òun mọ̀ máa ń ṣi àwọn ẹlòmíì lọ́nà, á tún di ẹrù ẹ̀bi rẹ̀ lé aláìṣẹ̀ lórí, nígbà tó bá sì yá, òun náà á pàdánù ẹ̀kọ́ tó tìtorí ẹ̀ wá.