Ọwọ́ Pọ́ńpù Ìwáyà

Lọ́sàn-án Sátidé, Tíṣà Jethro máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìwáyà, ó ń kọ́ wọn bí aráyé ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí omi mímu mọ́. Kì í gba kọ́bọ̀. Ó ní ìkòkò ńlá kan tó fi ṣe àpẹẹrẹ: eédú nísàlẹ̀, iyanrìn tó bù ní bèbè ọ̀sà lókè. Wọ́n á da omi pọ́ńpù sí i, á máa kán tótó. Beulah, ọmọ Àkàngbé káfíńtà, ló ń bu omi náà fún àwọn yòókù. Ife méjì lòun máa ń mu. Tíṣà kì í mu omi tútù nítorí àyà rẹ̀. Tíì gbígbóná ló mọ̀.

Onígbáméjì wọ àdúgbò. Ọmọ mẹ́ta ṣu, wọ́n bì, wọ́n kú. Beulah ṣe ìkẹrin.

Tíṣà ya àwòrán àdúgbò, ó fi bírò sàmì sí ilé àwọn tó ń ṣàìsàn, bí dókítà kan ti ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́un, kí wọ́n tó yọ ọwọ́ pọ́ńpù tó ń pa èèyàn. Gbogbo àmì náà yí pọ́ńpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ká. Ó mú sípánà, ó lọ tú ọwọ́ rẹ̀.

Àkàngbé ń ti itẹ́ òkú bọ̀.

"Tíṣà, kí lẹ ń ṣe síbẹ̀?"

"Omi yìí ló ń pa wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún mọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo mọ̀, Àkàngbé."

"O mọ̀ torí ìwọ lo da nǹkan sí i! Ìwọ lo pa ọmọ mi!"

Èrò ya dé. Àkàngbé já irin ọwọ́ pọ́ńpù náà gbà, ó là á mọ́ ọn lórí. Ó tún là á, apá kán. Jael oníbúrẹ́dì, tó ń kúnlẹ̀ kí Tíṣà láràárọ̀, fi òkúta gbá a lẹ́nu, eyín dà sílẹ̀. Ẹnu náà ló ṣì fi ń bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ má mu ún. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí kò fi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwà ẹranko gbáà ni. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.

Irin náà ti wọ́, kò ṣeé dá padà sára pọ́ńpù. Omi àwọn mẹ́ruwà tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi kiri ni wọ́n ń rà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àìsàn dáwọ́ dúró, ojú sì ti gbogbo àdúgbò. Àkàngbé kọ orúkọ Tíṣà sára pátákó, ó kàn án mọ́ pọ́ńpù, ó sì ń kúnlẹ̀ sunkún níbẹ̀ lójoojúmọ́.

"Òótọ́ lẹ sọ, Tíṣà. A ò gbọ́."

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà nígbà tí àwọn elétò ìlera, tí wọ́n ti wá bu nǹkan lọ yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì ikú Tíṣà, mú èsì dé: omi pọ́ńpù mọ́ tónítóní, inú iyanrìn ọ̀sà tó wà nínú ìkòkò Tíṣà ni onígbáméjì wà.