Ojú Tí Fóònù Mọ̀

Aránṣọ kan gbé fóònù rẹ̀ síwájú ojú kí ó lè dá a mọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí i nígbà kẹrin. Fóònù kò ṣí. Ó ti gbàgbé nọ́ńbà tí ó fi tì í, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú fóònù náà ni ìwọ̀n aṣọ ìyàwó tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́sàn-án wà.

Ọkọ rẹ̀ gbà á, ó gbé e dání fún un.

"Tún rẹ́rìn-ín, arẹwà. Bóyá kò tíì rí eyín ẹ dáadáa."

Aránṣọ fajú ro. "Bàbá Ìbejì, ta ló ní kí ẹ ra ìranù yìí fún mi?"

Lójú ẹsẹ̀, fóònù ṣí.

Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Kò kúkú jẹ̀bi. Ojú tó kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ tí mo rà á wálé nìyẹn."