Kẹ́nẹ́lì Ọjọ́ Sátidé

Nígbà tí ìyá kan dárúkọ ara rẹ̀ lórí fóònù, Dókítà ní kó tún orúkọ náà pè. Ó tún un pè. Dókítà ní kó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, òun ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Dókítà, nítorí pé kò sí kọ̀ǹpútà tó kú tí kò lè jí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní iṣẹ́ gidi ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, ó ní tábìlì tirẹ̀ létí fèrèsé. Lẹ́tà ojú ìwé kan ṣoṣo ló gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kan ló kọ ọ́. Ó ní ọmọbìnrin òun gbé kọ̀ǹpútà wá fún àtúnṣe, àwọn àwòrán inú rẹ̀ tí kò yẹ kí ojú kejì rí sì ti di ohun tí gbogbo àdúgbò ń wò. Kò sí ẹ̀rí. Ọ̀gá lé e síbẹ̀síbẹ̀. Ìyá náà kò rí ojú Dókítà rí, ṣùgbọ́n Dókítà ti ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yẹn títí ó fi há sí i lórí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Orúkọ yẹn ló gbọ́ lórí fóònù.

Yàrá ìgbàlejò náà kéré, ó sì mọ́. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ilẹ̀kùn kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n pa dé. Ìyá náà gbé ife tíì mẹ́ta jáde láti ilé ìdáná. Ó fún Dókítà ní ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó fi àwo pẹrẹsẹ dé ẹ̀kẹta.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Àwòrán ọmọbìnrin mi láti kékeré, inú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Mi ò ní ẹ̀dà míì. Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ó ti kúrò nílé, ó ti lé lọ́dún kan. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ yìí. Èmi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án."

Inú Dókítà dùn burúkú.

Ètò kékeré tó yẹ kó jí ẹ̀rọ náà ń wá kẹ́nẹ́lì ní ibi tí kò sí, ó wá dúró sórí ojú dúdú pẹ̀lú ìlà funfun kan ṣoṣo. Dókítà ki fíláàṣì rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó júwe ibi tó tọ́ fún un. Kẹ́nẹ́lì méjì ló wá tò síwájú rẹ̀. Kẹ́nẹ́lì ni ọkàn ètò, irin lásán ni kọ̀ǹpútà tí kò bá ní in. Èkíní kú lójú ọ̀nà, nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ gbàgbé ohun tí yóò fi bá dísíìkì inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Èkejì jí.

Bó ti ń jí, ìlà kan kọjá lókè bó ṣe máa ń rí, ìlà tó ń sọ ẹni tó kọ́ kẹ́nẹ́lì àti ọjọ́ tó kọ́ ọ. Orúkọ ọmọbìnrin náà ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló tẹ̀ lé e.

Dókítà kàn mi orí. Kò sí ohun tó ń purọ́ tó aago kọ̀ǹpútà àtijọ́. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ á kú, á wá máa ka ọjọ́ bó ṣe wù ú. Ó ti rí èyí tó ní wọ́n kọ́ òun kí wọ́n tó bí Dókítà gan-an.

"Màá tún èkíní kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, Mà. Wákàtí méjì."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n máa ránṣọ mi."

Ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ìlà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú rẹ̀. Nígbà náà ló fa dísíìkì dúdú kan yọ nínú báàgì.

"Kí nìyẹn?" ni ìyá náà bi í.

"Mo fẹ́ tọ́jú àwòrán ọmọ yín síbí, torí bó bá bàjẹ́."

"Ẹ káre láé."

Ó ki dísíìkì bọ̀ ọ́, ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Dísíìkì náà kò ṣófo. Fódà mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀, orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí wọn, ti ọmọbìnrin ilé yìí sì ti wà láàárín wọn láti ọdún mẹ́ta. Dókítà ṣí fódà tuntun sábẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ìyá sí i, ó ń da ohun gbogbo kọ: lẹ́tà, ìwé ilé ìwòsàn, àwòrán. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyá náà yóò mọ bó ṣe ń rí kí orúkọ ẹni di ohun àmúṣeré. Tó bá parí, yóò nu ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, yóò fi ojú àánú sọ pé dísíìkì ló kú.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti da ohun gbogbo kọ. Iná ara dísíìkì dúdú náà ṣì ń ṣẹ́jú. Kẹ́nẹ́lì tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ló fa ìdíwọ́, ni Dókítà rò. Ó na ọwọ́ láti yọ ọ́.

"Ẹ má tíì yọ ọ́ o," ni ìyá náà wí, kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. "Wọ́n ní kéèyàn dúró kí iná ẹ̀ kú."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ mà mọ nǹkan, Mà!"

"Ẹni tó bá ń bọ́mọ gbé á gbọ́ díẹ̀díẹ̀."

Ó dìde, ó ní òun fẹ́ mú òwú. Ó gbé ife kẹta dání wọ inú yàrá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó padà wá pẹ̀lú òwú dúdú, ó jókòó.

Nígbà tí iná dísíìkì kú, kẹ́nẹ́lì náà ti parí. Dókítà yọ dísíìkì rẹ̀ sínú báàgì. Ó tẹ àṣẹ tí yóò pa gbogbo àwòrán náà rẹ́, ó ku bọ́tìnnì kan péré. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀: mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ojú rẹ̀ bọ́ sí aago tó wà ní igun kọ̀ǹpútà: ọjọ́ Túsìdeè, òní gan-an, mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Aago náà kò purọ́. Ìka rẹ̀ dúró lókè bọ́tìnnì náà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, ọmọbìnrin tó kọ́ kẹ́nẹ́lì náà ní Sátidé sì jáde, ife tíì lọ́wọ́ kan, kọ̀ǹpútà kékeré lọ́wọ́ kejì, fódà méjìlélógójì tí kẹ́nẹ́lì rẹ̀ ti kó ránṣẹ́ sí i láti inú dísíìkì dúdú náà sì tò sójú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Dókítà, ọdún mẹ́ta la ti ń retí ẹ̀rí yìí."